Pálọ̀ Ìrọ̀lẹ́ ní Ìgbàyè: Níbi Tí Ọmọ Ti Ń Kọ́ Ìwà àti Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ti jinlẹ̀ tó, kí ó wọ ilé kan ní Ìgbàyè ní nǹkan bí agogo méje alẹ́. Ìgbàyè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kò jìnnà sí Òkukù, Ìnísà àti Ìkìrun. Kò di dandan kí ó wọ ilé olówó. Ilé oníyàrá mélòó kan, tí pálọ̀ wà láàárín rẹ̀, ti tó.

Ní àkókò yìí, ohun gbogbo ń ṣẹlẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ilé ń ro ọkà lẹ́yìnkùlé, ó ń ké pé kí ẹnì kan gbé àwo wá. Baba ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, ó ní kí wọ́n dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó dákẹ́. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, àbúrò baba sì ń wá Bíbélì rẹ̀ láti lọ sí ìpàdé àdúrà, nítorí pé ẹ̀sìn méjèèjì kì í ṣọ̀wọ́n nínú ẹbí kan ṣoṣo ní agbègbè yìí. Ọmọ kan ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, méjì ń jà sí ẹní, ewúrẹ́ sì ti yọ́ wọlé wá jẹ èèpo iṣu. Bí iná mànàmáná bá dé, àwọn ọmọ a pariwo "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005 ni ilé-iṣẹ́ náà kò ti jẹ́ orúkọ yẹn mọ́.

Àlejò tí ó bá wò ó lóréfèé lè pè é ní rúdurùdu. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rúdurùdu náà. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, àwọn ọmọ a yí àwo kan ká. Àbúrò a di àwo mú kí ó má baà yí; ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ojú wà lára òun. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí aládùúgbò bá bá wọn nídìí oúnjẹ, tí wọ́n sì ní kí ó wá jẹun, yóò dáhùn pé, "Á gba ibi ire o." Ọmọ tí ó fẹ́ gba ohun tí àlejò mú wá a kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá kò ní la ẹnu, ọmọ yóò sì ti gbọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi.

Láyé àwọn baba ńlá, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé ni irú ìjókòó báyìí ti ń wáyé; níbẹ̀ ni a ti ń pa àlọ́, nítorí pé iṣẹ́ oko ni ó ni ọ̀sán. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà. Páànù àti fìtílà wá rọrùn láti kó wọ̀lú. Ilé tuntun ń pọ̀ sí i, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì di pálọ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì dé. Àpótí náà kì í gbèsì, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yí i ká ń fèsì fún ara wọn. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Nígbà tí ó fi dé àwọn ìlú kéékèèké, ilé ẹni tí ó ní in ni àdúgbò ń rọ́ lọ lálẹ́. Ìwọ̀nyí fi kún ariwo ilé, wọn kò tú ìjókòó náà ká.

Ohun tí ó ń tú u ká lónìí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Olúkúlùkù a gbé fóònù wọ yàrá, pálọ̀ a sì pa lọ́lọ́. Oríkì ni ìpalára yìí dé bá jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ní Òkukù ní ẹ̀wádún 1970, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1991 lórí oríkì ìlú náà. Ó hàn nínú rẹ̀ pé àwọn obìnrin ilé ni ó ń ki oríkì jù, àti pé kò sí olùkọ́ tí ó jókòó kọ́ wọn. Etí ni wọ́n fi kó o, níbi tí àwọn ìyá wọn ti ń ki ènìyàn.

Bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, ọmọ tí a bí ní Èkó a wálé. Ìyá àgbà a bẹ̀rẹ̀ sí í ki í, láti ìdílé baba títí dé ti ìyá. Ọmọ tí ó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, orí rẹ̀ a wú, a sì wólẹ̀. Ti Èkó a rẹ́rìn-ín, a gbé fóònù sókè, a máa ya ìyá àgbà ní fọ́tò. Kì í ṣe pé ó ń ṣàfojúdi. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Ìdílé tí ó wà ní Èkó tàbí ní London lè ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kí wọ́n gbé fóònù kan ṣoṣo sáàárín pálọ̀, kí wọ́n pe ìyá àgbà ní Ìgbàyè, kí ó ki ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ sì jẹ́ ẹ. Ariwo yóò wà. Kí ó wà. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọmọ Odò-Ọ̀tìn kọ́ ni ó yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pa òwe yìí fún.