Ohun tí ọlọ́kadà kì í sọ fún èrò ẹ̀yìn rẹ̀ nípa ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà àdúgbò ṣe bàjẹ́ tó, kó má wulẹ̀ yọ gómìnà lẹ́nu, ìbàdí ara rẹ̀ ni kó bi lẹ́yìn tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Èrò tó ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, yóò jókòó sẹ́yìn, báàgì lọ́wọ́, ọkàn ti lọ sílé. Kòtò kìn-ín-ní, gbàmù! Ìkejì, gbàmù! Yóò pariwo pé, "Ọ̀gá, ẹ rọra o!" Ọlọ́kadà kò ní i wẹ̀yìn tó fi máa dáhùn: "Ẹ fọkàn balẹ̀, mọ́mì, ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i."

Ìròyìn ayọ̀ ló rò pé òun ń sọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ nǹkan tó máa gbé àwọn méjèèjì dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn egungun. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò ju ojú tí wọ́n fi ra ṣọ́ọ̀kì náà àti ọwọ́ tí wọ́n fi dè é lọ.

Kí ló dé tí wọn kì í ra tuntun? Ẹjọ́ àpò ni. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, náírà já wálẹ̀ lójú dọ́là, páàtì tó ń ti Íńdíà àti Ṣáínà wọlé sì gbówó lórí. L'Ékòó, ìjọba ti kọ́kọ́ lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọdún 2022, wọ́n tún fi mẹ́rin kún un lóṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Inú àdúgbò tí ọ̀dà kò dé ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ti ń jẹun. Ọ̀nà ń ba ṣọ́ọ̀kì jẹ́, owó tuntun kò sí. Àlòkù ló kù.

Ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ná. Sípíríǹgì àti ọ́ìlì ló wà níbẹ̀. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù, ọ́ìlì ló ń bá sípíríǹgì wí. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, sípíríǹgì á rún wọlé. Bó bá fẹ́ ta padà, ọ́ìlì tó ń gba inú ihò tín-ín-rín kọjá kò ní jẹ́ kó yára. Ọjọ́ tí ọ́ìlì bá ti jò tán, máṣíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í fò bíi bọ́ọ̀lù. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn: táyà tí kò kan ilẹ̀ kò lè gba bíréèkì, kò sì lè yà fún ọmọ tó sáré já sójú ọ̀nà.

Àwọn tó ń fi máṣíìnì díje nínú ẹrẹ̀ lókè òkun ti mọ èyí tipẹ́. Lọ́dún 1973, Hakan Andersson, ọmọ Sweden, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti 250cc lórí Yamaha tó ń lo ṣọ́ọ̀kì ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́yìn dípò méjì. Lucien Tilkens, ará Belgium, ló ronú iṣẹ́ náà. Nígbà tó di 1975, Yamaha ti ń ta YZ250 tó ní irú ṣọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ fáráàlú. Lónìí, táyà irú máṣíìnì eré bẹ́ẹ̀ lè lọ sókè sódò tó nǹkan bí 300 mìlímítà, ìyẹn rúlà ọmọ iléèwé kan gbáko. Ti ọ̀kadà wa kò tó ìdajì ìyẹn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní òun rí ṣọ́ọ̀kì ńlá láti ara máṣíìnì eré, kì í ṣe pé kí wọ́n kàn gbé e kọ́ abẹ́ ọ̀kadà.

Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí máṣíìnì kan bá kú, wọ́n á tú u bí ẹran Iléyá, ẹlòmíì á ra iwájú, ẹlòmíì á ra ẹ̀yìn. Ọlọ́kadà á rí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tó gùn ju tirẹ̀ lọ, á ní ìyẹn ló máa gba ẹrù. Kò mọ̀ pé bí ìdí bá ga, iwájú á tẹ̀, ọwọ́ máṣíìnì á máa gbọ̀n lójú eré, sítáńdì pàápàá á kúrú fún un. Ẹlòmíì á fi ti ọ̀tọ̀ sápá ọ̀tún, ti ọ̀tọ̀ sápá òsì. Ẹsẹ̀ méjì tí kò dọ́gba, ṣebí arọ ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ín?

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í ra àlòkù láìdán an wò. Tó bá jẹ́ ti iwájú, á fi èékánná wọ́ ọ̀pá dídán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí èékánná bá ti kọ́, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ níbẹ̀, á sì gé ọ́ìlì síìlì tuntun láìpẹ́. Á yí ọ̀pá náà lórí gíláàsì tó tẹ́jú: èyí tó bá ń ta sókè sódò ti wọ́. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn, á tẹ méjèèjì mọ́lẹ̀. Èyí tó bá ta padà pàú lẹ́ẹ̀kan náà, òkú ni, bí wọ́n tilẹ̀ kùn ún lọ́dà tuntun.

Tí ìwọ̀n ọ̀pá iwájú bá yàtọ̀, ó sàn kí wọ́n ra gbogbo iwájú pọ̀ láti ara máṣíìnì kan ṣoṣo: ọ̀pá, irin tó di ọ̀pá mú, táyà àti bíréèkì. Ọ́ìlì tí wọ́n bá bù sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba lápá méjèèjì. Fídà ọmọ tó ní àmì ìwọ̀n lára tó ìyẹn ṣe, bí kò bá ti ní padà sẹ́nu ọmọ mọ́.

Èyí tó burú jù ni ti wẹ́dà. Àwọn ṣọ́ọ̀kì kan wà tí wọ́n fipá ti afẹ́fẹ́ nitrogen mọ́ inú wọn. Ẹni tó bá fi ayùn gé irú ẹ̀, tàbí tó fi iná jó o, ó lè bú gbàmù mọ́ ọn lójú. Èyí tó bá ti bàjẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ nù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán, kí ọlọ́kadà àti ẹnì kan jókòó sórí rẹ̀. Bó bá lọlẹ̀ pátápátá lórí ìdúró, sípíríǹgì rẹ̀ kò lágbára tó. Bí kò bá mira rárá, ó ti le jù, egungun ẹ̀yìn èrò ló máa ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì.

Èrò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kó tó gbẹ́sẹ̀ sókè, kó wo ọ̀pá iwájú àti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Bí ọ́ìlì bá ń ṣàn lára wọn, kó sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ máa lọ, mò ń dúró de ẹnì kan." Owó tuntun lè má sí lọ́wọ́ ọlọ́kadà, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo àlòkù, ọ̀fẹ́ ni.