Eré Ìbọn àti Afárá Monrovia

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, irú eré fídíò kan wà tí owó rẹ̀ kò wọ́n, tí ọmọdé sì tètè ń mọ̀ ọ́n ṣe. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Heavy Fire: Afghanistan, tí ilé-iṣẹ́ Teyon ti ilẹ̀ Póláǹdì ṣe ní ọdún 2011. Ẹni tí ń ṣe é di sójà Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kì í rìn síbi tí ó wù ú. Eré náà ni ó ń gbé e lọ bí ọkọ̀ ojú irin ti í gbé èrò. Tirẹ̀ ni kí ó lúgọ, kí ó sì máa yìnbọn. Kò lè padà sẹ́yìn, kò sì lè bá ẹni tí ó dojú kọ ọ́ sọ̀rọ̀. Bí ó bá kú, yóò tún bẹ̀rẹ̀.

A kò sọ pé eré ni ó ń sọ ọmọ di apànìyàn. Àwọn tí ó jagun ní Làìbéríà láti ọdún 1989 kò dúró de eré fídíò kí wọ́n tó gbé ìbọn. Ohun tí a rí ni pé bí a ti mú àwọn ọmọ ibẹ̀ wọ ogun jọ ojú irin yìí: ọ̀gá ń darí, ọmọ ń yìnbọn. Nígbà tí a gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn jagunjagun ní 2003 àti 2004, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lé ní 100,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé.

Ní oṣù Keje 2003, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ dóti Monrovia, tí ọta ńlá ń já lu àwọn tí ó sá sí ọgbà Greystone, Chris Hondros, ayàwòrán ìròyìn ará Amẹ́ríkà, ya fọ́tò ọ̀gá jagunjagun kan tí ń jà fún ìjọba, tí ó fò sókè tayọ̀tayọ̀ lórí afárá bí ó ti yin ọta tán. (Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, àwọn ọmọ wa, gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti pẹ̀tù sí ìjà.) Fọ́tò náà kárí ayé. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé inú eré ni a ti gé e.

Hondros padà lọ ní 2005, ó sì wá ọkùnrin náà rí. Ilé-ìwé tí kò parí ni ó ń wù ú. Hondros sì ràn án lọ́wọ́ kí ó lè padà síbẹ̀. Bàbá ọlọ́mọ tún jókòó sí kíláàsì! Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa eré ìbọn, kí ó fi fọ́tò yìí hàn wọ́n, kí ó sì sọ apá kejì ìtàn náà pẹ̀lú.

Oṣù Kẹrin 2011 ni a pa Hondros lẹ́nu iṣẹ́ ní Misrata, ní ilẹ̀ Líbíà.