Sálúbàtà Ìsàlẹ̀ Òkun

Nínú gbogbo iyùn àtijọ́ tó ti di òkúta, Calceola sandalina ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ro iwájú sálúbàtà, ibi tí ìka ẹsẹ̀ ń wọ̀: bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹranko kékeré kan ló kọ́ ọ bí ilé sínú òkun ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 390 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ń rí i dáadáa ní àgbègbè Eifel ní Jámánì.

Ọmọrí rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó rí bí àwo tí wọ́n gé sí méjì, ó sì ń bo ẹnu ilé náà dé. Iyùn wo ló ń ní ọmọrí? Torí náà, nígbà tí Linnaeus sọ ọ́ lórúkọ ní 1771, àárín àwọn ẹran omi oníkarahun méjì ló tò ó sí. Lamarck, tó pè é ní Calceola ní 1799 (bàtà kékeré ni lédè Látìn), náà rò bẹ́ẹ̀.

Inú ilé yẹn ló tú àṣírí. Ẹ yọjú wò ó, ẹ ó rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò láti ẹnu lọ sí ìdí. Àwọn ògiri tó máa ń pín inú iyùn nìyẹn, àmọ́ tirẹ̀ kúrú gan-an ni. Ní ọ̀rúndún 19 ni wọ́n gbé e wá sínú Rugosa, ìdílé iyùn tó parun ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 252 ọdún sẹ́yìn. (Iyùn pupa tí àwọn ọba ń wọ̀ kì í ṣe ọmọ wọn o, ìdílé tiẹ̀ ṣì wà láàyè.)

Abẹ́ rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ló fi ń sùn sórí ẹrẹ̀ kó má bàa rì.