Ọ̀mì kan péré ní Abidjan ni ì bá gbé Bẹ̀nẹ̀ dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Nàìjíríà ti fàgbà han àwọn Guépards wa ní ìlú Uyo, àmì ayò mẹ́rin sí òdo, ẹjọ́ náà kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, bí ènìyàn méjì bá pàdé lọ́jà tàbí níbi tí àwọn oní-zémidjan ti ń dúró de èrò, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń débẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n rẹ́ wa jẹ ni. Àwọn kan ní àwa la fọwọ́ ara wa ṣe é. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀, kí oníkálukú lè mọ ohun tó ń jiyàn lé lórí.

Ìsọ̀rí C la wà, pẹ̀lú Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà, Rùwáńdà, Lẹ̀sótò àti Sìmbábúè. Ẹni tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní nìkan ló ń lọ tààrà sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026. Bẹ̀nẹ̀ kò sì débẹ̀ rí.

Ohun tó ń fa ariwo jù ni ọ̀rọ̀ Teboho Mokoena, agbábọ́ọ̀lù Gúúsù Áfíríkà. Ó gba káàdì ìyeyè nígbà tí wọ́n bá wa gbá ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó tún gba òmíràn níwájú Sìmbábúè ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ẹni tó bá ti gba méjì, òfin ní kó jókòó lẹ́ẹ̀kan. Mokoena kò jókòó. Ó bá wọn gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Lẹ̀sótò ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n sì borí, méjì sí òdo. Ó di ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án kí FIFA tó dájọ́ pé Lẹ̀sótò ló jàre, mẹ́ta sí òdo. Bí àmì mẹ́ta ṣe bọ́ lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà nìyẹn: wọ́n ní 14, àwa náà ní 14, góòlù ló gbé wa sókè.

Àwọn kan ń sọ pé FIFA ló ṣojúure sí wa. A ò rí ojúure kankan níbẹ̀. Òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ti pọ̀ jù. Gbogbo ìdíje oṣù kẹsàn-án ni wọ́n gbá láìmọ ẹni tó wà lókè ní tòótọ́.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá, Tosin Aiyegun, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi borí Rùwáńdà ní Kigali. Lọ́jọ́ kan náà, Gúúsù Áfíríkà àti Sìmbábúè ta ọ̀mì. Àwa 17, Gúúsù Áfíríkà 15, Nàìjíríà 14. Bí a bá ti borí ní Uyo, ó parí.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti ń dùn, torí ààlà ilẹ̀ là wá sí méjì. Ẹ̀gbọ́n wà ní Kétu, àbúrò wà ní Ìmẹ̀kọ. Gernot Rohr, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, ló kọ́ Nàìjíríà láti ọdún 2016 sí 2021, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ó mọ àṣírí wọn. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí Osimhen fi gbá àkọ́kọ́ wọlé. Ó gbá mẹ́ta lápapọ̀, Onyeka fi ẹyọ kan kún un. Ẹni tó bá ń bú rẹfirí lórí ìyẹn, a ò bá a lọ́wọ́ sí i. Ayò mẹ́rin kì í ṣe ọ̀rọ̀ fèrè.

Ní wákàtí kan náà, Gúúsù Áfíríkà na Rùwáńdà, mẹ́ta sí òdo. Wọ́n parí sí 18, àwa àti Nàìjíríà sí 17.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà. Abidjan ni a ti ń gba àwọn àlejò wa, kì í ṣe Kútọnu. Lóòótọ́, ibẹ̀ náà la ti na Nàìjíríà, méjì sí ẹyọ kan, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, ohun tí àwọn tó ní pápá kò jẹ́ nǹkankan sì ń fi ṣe ẹ̀rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni Gúúsù Áfíríkà ti nà wá, méjì sí òdo, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 2025. Ká ní a ta ọ̀mì lọ́jọ́ náà, tí gbogbo èsì yòókù sì rí bó ṣe rí, àwa ì bá parí sí 18, Nàìjíríà 17, Gúúsù Áfíríkà 16. Pẹ̀lú ayò mẹ́rin Uyo náà, àwa la ó lọ! Ìyá oníṣòwò ní Àjàṣẹ́ lè lọ wo bọ́ọ̀lù ní Kútọnu kó sì padà sùn nílé. Mélòó nínú wọn ló lè la Tógò àti Gánà kọjá lọ pariwo ní Abidjan? Pápá yìí ló yẹ ká máa bi àwọn aláṣẹ léèrè ju Mokoena lọ.

Ìjà mìíràn ni ti barrage, tí wọ́n ṣètò fún mẹ́rin tó dára jù nínú àwọn tó ṣe ipò kejì. Nítorí pé Eritrea ti yọ ara rẹ̀ kúrò, ìsọ̀rí kan dín ní ẹgbẹ́ kan, wọ́n bá pa èsì ìdíje pẹ̀lú ẹni tó gbẹ̀yìn rẹ́ fún gbogbo wọn. Burkina Faso tó ní 21 di 15, torí ó ti borí Djibouti lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀mì méjì ni Nàìjíríà ta pẹ̀lú Sìmbábúè, nítorí náà 17 rẹ̀ di 15. Góòlù kan ṣoṣo ló fi ju Burkina Faso lọ. Àwọn ará Burkina Faso ní ẹjọ́ tó dùn-ún gbọ́ ju tiwa lọ.

Nàìjíríà na Gabon ní Rabat, ó kan Kóńgò ti Kinshasa ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, wọ́n ta ọ̀mì, ẹyọ kan sí ẹyọ kan, Kóńgò sì fi pẹnárítì lé wọn kúrò. Láti ọjọ́ náà, àwọn ará Ìmẹ̀kọ tó ń fi Uyo ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ ti dín ohùn kù díẹ̀.