Àgbọ̀nrín: Orúkọ Kan, Ẹranko Méjì

Àgbọ̀nrín ni a sábà fi ń túmọ̀ orúkọ ẹranko Amẹ́ríkà tí abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun. Bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwo akọ ti Amẹ́ríkà a máa bọ́ lọ́dọọdún. Ti àgbọ̀nrín kì í bọ́. Ti Amẹ́ríkà a máa bí ìbejì. Ẹyọ kan ni àgbọ̀nrín sábà ń bí. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà a máa lo ọdẹ láti dín in kù, kí àrùn ọpọlọ tí ń mú un rù dójú ikú má baà gbilẹ̀. Ní àyíká Port Harcourt, ẹran ìgbẹ́ orí àtẹ ni àwọn onímọ̀ ń kà, kí wọ́n lè mọ ohun tó ṣẹ́kù nínú igbó. Ògbufọ̀ tí kò bá ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí lè dá ọdẹ láre lórí ẹran tó yẹ kí a dáàbò bò.