Ta ló ń dá ohùn mi padà lórí fóònù?

Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn ara yín padà lórí fóònù, ẹ má tíì bá fóònù yín jà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ pè ni gbohùngbohùn náà ti ń wá. Láìpẹ́ yìí, láti Àgọ́-Àmọ́dù níbí, mo pe ọmọ mi kan. Gbogbo "ẹ kú ilé" mi ló ń padà wá bá mi! Mo ní kó pa sípíkà, kó gbé fóònù sétí. Ó tán.

Fóònù ń wọn ìgbì ohùn, ó kéré tán, ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń sọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà. Nọ́ńbà sì ṣe é yọ kúrò lára nọ́ńbà. Fóònù ọmọ mi tọ́jú ẹ̀dà ohùn mi, ó ṣírò bí yóò ṣe rí bó bá ti ara sípíkà wọ máìkì, ó sì yọ ọ́ kúrò. Bí sípíkà bá ń pariwo jù, ìṣirò náà á tàsé.

Láyé ibùdó sátẹ́láìtì Lánlátẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1971, ohùn ń gòkè tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà kó tó sọ̀kalẹ̀. Gbohùngbohùn á wá dé lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, á bo ọ̀rọ̀ tó kàn mọ́lẹ̀.

Fún àwa tí à ń fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, kì í ṣe ariwo lásán nìyẹn. Ẹ ní ẹ ra ọkọ́. Ará ilé gbọ́ ọkọ̀. Ẹ máa wá ṣàlàyé owó.