Kí ló sàn jù: kéèyàn fi kún agbára C300, àbí kó ra AMG gan-an?

Bí èèyàn bá dúró sí ìtòsí Páàkì Fájuyì ní Adó-Èkìtì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò ní pẹ́ tí Mercedes C300 kan yóò fi kọjá, tí wọ́n kọ AMG gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ yóò sì máa bú ramúramù bíi kìnnìún. Àwọn ọmọ iléèwé gíga yóò yíjú sí i, àwọn ọlọ́kadà yóò sì yà fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, ẹ́ńjìnì oní-sìlíńdà mẹ́rin tó bá a jáde láti iléeṣẹ́ tó ṣe é ló ṣì jókòó síbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ni wọ́n fi kún un.

Ẹni tó bá kàn fẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lásán kò ní ìṣòro, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ òun lágbára lóòótọ́, tó sì ń ro ó lọ́kàn bóyá kí òun ra C300 lásán, kí òun fi owó tó bá ṣẹ́kù kún agbára rẹ̀, tàbí kí òun fara balẹ̀, kí òun tọ́jú owó sí i, kí òun sì ra èyí tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe fún eré sísá. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ àti àwọn tó ń tún un ṣe ní ìdáhùn tiwọn, ṣùgbọ́n kálukú ló ń dáhùn síbi tí owó yóò ti wọlé fún un.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó mú kí irú iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe. Ẹ́ńjìnì kò lè jó epo láìsí afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí iná ààrò kò ṣe lè jó láìsí atẹ́gùn. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnì, tí ìbá kàn gba sàlẹ́ńsà lọ lásán, ni tọ́bò ń lò láti yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan, abẹ̀bẹ̀ yìí ló sì ń yí èkejì rẹ̀ tó ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ inú sìlíńdà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ tó ni epo tí a lè jó ṣe máa pọ̀ tó, ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé àṣẹ lórí èrò yìí ní 1905. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹ́káníìkì wa ń pè ní brain box, ló ń pinnu bí afẹ́fẹ́ tí tọ́bò yóò kì wọlé ṣe máa pọ̀ tó. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá yí ohun tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà náà padà, agbára ọkọ̀ yóò gòkè láìjẹ́ pé wọ́n tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Iṣẹ́ wákàtí kan sí méjì ni. Ohun tó ń dán àwọn èèyàn wò nìyẹn.

Àwọn C300 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàárín 2015 sí 2018, tí púpọ̀ nínú àwọn tokunbọ̀ wa sì jẹ́ ara wọn, ní agbára ẹṣin 241 láti inú ẹ́ńjìnì lítà méjì oní-tọ́bò kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n pè ní C450 AMG ní 2016, tí wọ́n sì sọ di C43 ní 2017, ní sìlíńdà mẹ́fà, lítà mẹ́ta, tọ́bò méjì, àti agbára ẹṣin 362. Èyí tó ga jù, C63, ní sìlíńdà mẹ́jọ; ẹṣin 469 ni tirẹ̀, C63 S sì ní 503. C300 yóò lo bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà láti ìdúró kó tó dé ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí, C43 kò ní lò tó márùn-ún. Ẹni tó bá yí kọ̀ǹpútà C300 padà lè rí bíi ẹṣin 50 kún tirẹ̀, ìyẹn ni pé yóò sún mọ́ C43 díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bá a.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ sórí iye ẹṣin nìkan, ìṣirò yìí ì bá rọrùn. Ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ni àwọn tó ń polówó kì í sọ. Àpẹẹrẹ kan tó hàn gbangba wà lára Golf tí iléeṣẹ́ Volkswagen ṣe ní nǹkan bíi 2013. Golf GTI àti Golf R ìgbà náà ń lo ẹ́ńjìnì tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, lítà méjì ni àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, ẹṣin 220 ni GTI ní, R sì ní 300. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan ló mú ìyàtọ̀ yẹn wá, àwọn ará Jámánì kì bá tí da ara wọn láàmú. Ṣùgbọ́n wọ́n pààrọ̀ orí ẹ́ńjìnì, wọ́n pààrọ̀ písítìn, wọ́n pààrọ̀ fáàfù àti sípíríǹgì rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ohun tó ń fọ́n epo, wọ́n fi tọ́bò tó tóbi sí i, wọ́n sì jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fa ọkọ̀ náà. Bíréèkì rẹ̀ náà tóbi ju ti GTI lọ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni C43 rí sí C300. Bíréèkì iwájú C43 tóbi jù, ohun tó ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára lágbára jù, gíá rẹ̀ àti àwọn irin tó ń yí táyà ni wọ́n ṣe láti gba agbára tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi kún agbára C300 ti ra eré, kò tíì ra ohun tí yóò dá eré náà dúró. Bó bá sì fẹ́ ra ìyẹn náà, bíréèkì ńlá, rédíétọ̀, àti iṣẹ́ lórí gíá, owó rẹ̀ yóò máa gòkè títí yóò fi di pé ẹni náà ti ná iye tí ìbá fi ra C43, ṣùgbọ́n C300 ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá sì fẹ́ tà á, iye C300 ni wọn yóò san.

Ọ̀rọ̀ epo tún wà níbẹ̀, òun gan-an ló sì yẹ kó ká ẹni tó ń gbé ní Adó lára jù. Epo bẹntiróòlù tó ní octane tó ga kì í tètè gbiná fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá kì í pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Èyí tí octane rẹ̀ kéré lè gbiná kó tó tó àkókò, yóò sì máa lu orí písítìn bí ìgbà tí èèyàn fi òòlù kan irin. Àwọn onímọ̀ ń pe ìyẹn ní nọ́ọ̀kì. Kì í ṣe nọ́ọ̀kì tí mẹ́káníìkì ń sọ nígbà tó bá ní ẹ́ńjìnì ti kú pátápátá o, àmọ́ bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́ jù, ó lè bí èkejì. Ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n là sílẹ̀ fún bẹntiróòlù ní Nàìjíríà ni 91. Mercedes tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà náà ń béèrè 91. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé kò séwu, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà: 91 ti Amẹ́ríkà tó bíi 95 lórí òṣùwọ̀n tiwa. Èyí já sí pé C300 tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn pàápàá ti ń mu epo tó rẹlẹ̀ ju ohun tí wọ́n ṣe é fún lọ láti ọjọ́ tó ti gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà mọ̀. Ó ní ohun tí ó fi ń gbọ́ ìró òòlù yẹn, bó bá sì ti gbọ́ ọ, á fa ọwọ́ agbára sẹ́yìn kí ẹ́ńjìnì má bàa bàjẹ́. Ètò tí àwọn èèyàn ń gbà láti òkè òkun láti fi kún agbára ọkọ̀, epo 95 tàbí 98 tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dá lé. Bí wọ́n bá ki irú ètò bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ tó ń mu epo tiwa nínú ooru oṣù kẹta Adó-Èkìtì, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni yóò ṣẹlẹ̀: kọ̀ǹpútà yóò fa agbára náà sẹ́yìn, owó yóò sì di àwátì, tàbí kí ẹni tó kọ ètò náà ti sọ etí kọ̀ǹpútà di dídi, kí písítìn sì máa jìyà ní ìdákẹ́jẹ́ títí di ọjọ́ tí yóò fọ́. Òótọ́ ni pé C43 náà kò ní fún ẹni tó rà á ní gbogbo ẹṣin 362 lórí epo yìí. Ṣùgbọ́n àyè tí iléeṣẹ́ fi sílẹ̀ fún ewu ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ ẹ́ tán.

Kí a wá gbé ọkọ̀ náà sójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti Iléṣà bọ̀, tó gba Ìtàwúrẹ́, tó wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kó tó máa bọ̀ ní Àrámọ̀kọ, mọ ohun tí òkè àti kọ́ọ̀nà ń jẹ́. Níbi tí ọ̀nà bá ti ń sọ̀kalẹ̀, bíréèkì ló ń ṣiṣẹ́, ooru ni iṣẹ́ rẹ̀ sì ń dà. Ooru yìí kì í bá eré gòkè lọ́gbọọgba. Láti dá ọkọ̀ tó ń sá 140 dúró, ooru tí bíréèkì gbọ́dọ̀ gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọkọ̀ tó ń sá 100. Bí bíréèkì bá gbóná kọjá àlà, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ kò sì ní dúró bó ṣe yẹ. Bíréèkì tí wọ́n díwọ̀n fún ẹṣin 241 ni ọkọ̀ oní-ẹṣin 290 yóò gbé sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, bóyá pẹ̀lú páàdì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n rà ní ọjà. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní kí ọkọ̀ aládàáni má ṣe kọjá 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀ oníbejì, 80 lójú ọ̀nà tó kù, àti 50 láàárín ìlú. C300 tí wọ́n kò fi ohunkóhun kún lè sá ju ìlọ́po méjì ọgọ́rùn-ún yẹn lọ.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló gbe C43. Sìlíńdà mẹ́fà, tọ́bò méjì, púlọ́ọ̀gì mẹ́fà: ohun tí mẹ́rin bá jẹ ní owó, mẹ́fà yóò jẹ jù ú lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan kò tó 200 náírà nígbà náà, tó sì kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi kí 2024 tó parí, ẹnu ọkọ̀ kò ṣeé fojú kéré mọ́. Ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sí ní Ajílòṣun tàbí Ìjìgbò. Ládìípọ̀ ní Èkó ni wọn yóò ti wá a, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n tú tó mọ̀ ọ́n tò kò pọ̀ ní Èkìtì. Táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí rímù ńlá, kòtò kan ṣoṣo ti tó láti fọ́ rímù náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní táyà àfidípò nínú bùútù. C300 tó wà lórí rímù 17 yóò gba kòtò kan náà, yóò sì máa lọ.

Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ pé láti Báṣìrì sí ọ́fíìsì, tàbí láti ilé sí Yunifásítì ní Ìwòròkò, ni ó ń lọ lójoojúmọ́, C300 tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tó o, ó tún ṣẹ́kù. Owó tí ìbá fi yí kọ̀ǹpútà padà, kó fi ra páàdì gidi, omi bíréèkì tuntun, púlọ́ọ̀gì, àti táyà tí kò tíì gbó. Yóò yà á lẹ́nu bí ọkọ̀ tí ó rò pé kò lágbára yóò ṣe jí. Ẹni tí eré wù lóòótọ́, tí owó ìtọ́jú rẹ̀ sì wà, bí a bá máa jẹ ọ̀pọ̀lọ́, èyí tó lẹ́yin ni ká jẹ: kó ra C43. Ti àárín, ìyẹn C300 tí wọ́n ti fi kún agbára rẹ̀, ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí ẹni tó tà á nìkan ló mọ ohun tí ojú ẹ́ńjìnì náà ti rí. Bó bá sì jẹ́ ti ara ẹni ni wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí sí, ó yẹ kí iléeṣẹ́ adójútòfò tó bá ní ìwé ọkọ̀ náà lọ́wọ́ gbọ́ sí i, kí wọ́n má bàa fi ìyẹn kẹ́wọ́ lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Ẹni tó bá fẹ́ ra AMG kò gbọdọ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rárá. Kó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n yọ ike tó bo ẹ́ńjìnì, kó sì ka kọ́ìlì tó jókòó lórí púlọ́ọ̀gì: mẹ́rin ni ti C300, mẹ́fà ni ti C43, mẹ́jọ ni ti C63. Lẹ́yìn náà, kó kọ nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú sílẹ̀, kó fi wé ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kó sì wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tí iléeṣẹ́ fi jí ọkọ̀ náà yóò jáde. Kó wo táyà náà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ihò kékeré kan: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Táyà tí wọ́n kọ 2214 sí, ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ti ṣe é, bó ti wù kó máa dán tó.